Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Inú Chen Qing Ling àti Ẹjọ́ Tí Àwọn Olólùfẹ́ Rẹ̀ Fi Ara Wọn Sùn

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2020, àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n máa ń ka ìtàn lórí ìkànnì Archive of Our Own, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí AO3, níbi tí àwọn olólùfẹ́ eré àti ìwé ti ń gbé ìtàn tí wọ́n fúnra wọn kọ jáde, gbìyànjú láti wọlé síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣí fún wọn mọ́. Ìkànnì náà kò bàjẹ́, nítorí pé àwọn tó wà ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ń lò ó geere ní wákàtí yẹn kan náà. Ojú ọ̀nà rẹ̀ sínú Ṣáínà ni wọ́n dí. Ọjọ́ méjì ṣáájú ìgbà náà, àwọn kan lára olólùfẹ́ òṣèré Xiao Zhan ti ké sí ara wọn lórí Weibo, ìkànnì ìbánisọ̀rọ̀ ńlá ní Ṣáínà, pé kí wọ́n fi ìtàn kan tó wà lórí AO3 sun ìjọba. Eré tẹlifíṣàn tó sọ Xiao Zhan di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni Chen Qing Ling, tí àwọn tó ń wò ó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ sí The Untamed. Àwọn tó fẹjọ́ sùn fẹ́ràn eré náà, àwọn tí wọ́n fẹjọ́ wọn sùn náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ to ọ̀rọ̀ yìí láti orísun rẹ̀, nítorí ó dá mi lójú pé ìjà náà kò ṣàdédé bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejì, pé ọgbọ́n tí àwọn tó ṣe eré náà fi gba abẹ́ òfin kọjá wà lára ohun tó bí i.

Inú ìwé ni eré náà ti wá. Òǹkọ̀wé tó ń lo orúkọ Mo Xiang Tong Xiu kọ ìtàn kan tó ń jẹ́ Mo Dao Zu Shi, ó sì gbé e jáde díẹ̀díẹ̀ láti ọdún 2015 sí 2016 lórí Jinjiang, ìkànnì ńlá tí àwọn ará Ṣáínà ti máa ń ka ìtàn àròsọ. Irú ìtàn tí wọ́n ń pè ní danmei ni, èyí tí í ṣe ìtàn ìfẹ́ láàárín ọkùnrin méjì, tó sì jẹ́ pé àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ ọ́ àti àwọn tó ń kà á. Wei Wuxian, tí Xiao Zhan ṣe nínú eré, ni ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjì náà, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, tó ń fi ohun gbogbo ṣe yẹ̀yẹ́, tí gbogbo ayé sì pa pọ̀ kórìíra nígbà tó mú ọ̀nà agbára òkùnkùn pọ̀n. Ó kú. Lẹ́yìn ọdún 13 nínú ìwé, tàbí ọdún 16 nínú eré, wọ́n fi ètùtù pè é padà wá sáyé. Ẹni tó bá dàgbà ní ilé Yorùbá kò ní ṣe ìdààmú láti lóye ibẹ̀, nítorí àkúdàáyà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkúdàáyà tiwa kì í padà sí àárín àwọn tó mọ̀ ọ́n rí. Lan Wangji ni ẹnìkejì, ọmọ ìdílé Lan ti ìlú Gusu, níbi tí òfin ilé ti lé ní 3,000, tí wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò mọ̀. Ọkùnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ ju ohun tó pọn dandan lọ. Gbogbo ọdún tí Wei Wuxian fi wà nínú ikú ni òun fi ń dúró dè é. Nínú ìwé, àwọn méjèèjì di tọkọtaya níkẹyìn, òǹkọ̀wé kò sì fi pamọ́.

Ohun tí ìwé lè sọ kọ́ ni tẹlifíṣàn lè sọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2015, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe eré tẹlifíṣàn ní Ṣáínà fọwọ́ sí ìlànà kan tó ka ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin mọ́ àwọn ohun tí kò gbọ́dọ̀ hàn nínú eré. Kí ìlànà náà tó dé etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn ní oṣù Kẹta ọdún 2016, àpẹẹrẹ rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lójú wọn. Eré kan tó ń jẹ́ Shang Yin, tó fi ìfẹ́ ọmọkùnrin méjì hàn láìfi ohunkóhun bò ó, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún náà, wọ́n sì gbé e kúrò lórí gbogbo ìkànnì tó ń gbé e jáde ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì, nígbà tó ku apá mẹ́ta kí ó parí nínú apá 15. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tó bá fẹ́ sọ ìwé danmei di eré mọ̀ pé ìfẹ́ náà gbọ́dọ̀ di ọ̀rẹ́, kí ọ̀rẹ́ náà sì jinlẹ̀ débi tí àwọn tó ti ka ìwé kò fi ní bínú.

Iṣẹ́ tó wà lọ́rùn àwọn tó ṣe Chen Qing Ling nìyẹn nígbà tí wọ́n ń ya á ní ọdún 2018, ní gbàgede eré Hengdian àti ní ìpínlẹ̀ Guizhou. Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo ti wo eré náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì lè sọ pé iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n fi jẹ́ ẹ. Kò sí ibi kan tí ẹnìkan ti sọ fún ẹnìkejì pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ìfẹnukonu. Síbẹ̀, ìfẹ́ náà wà nínú gbogbo apá 50, nítorí pé wọ́n sọ ọ́ ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀, àwọn tó ń wò ó ló sì ń sọ ọ́ di odidi.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí ibẹ̀ ni adùn eré náà wà. Gbogbo ọmọ ìdílé Lan máa ń so ọ̀já funfun kan mọ́ iwájú orí. Nígbà kan tí àwọn méjèèjì bọ́ sínú ihò òkúta kan tí omi rẹ̀ tutù bíi yìnyín, okùn ohun-èlò orin kan ń ṣá ẹnikẹ́ni tí kò bá so irú ọ̀já bẹ́ẹ̀, Lan Wangji sì tú tirẹ̀, ó fi so ọwọ́ ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọwọ́ Wei Wuxian. Ẹni tí kò ka ìwé yóò rò pé ọgbọ́n ìgbàlà lásán ni. Ẹni tó kà á mọ̀ pé òbí, aya àti ọmọ nìkan ni àṣà ìdílé náà gbà láyè láti fọwọ́ kan ọ̀já yẹn. Orin kan náà wà, tí Lan Wangji kọ fún Wei Wuxian nígbà tí ibà ń mú un nínú ihò mìíràn. Wei Wuxian bi í pé kí ni orúkọ orin náà. Ètè Lan Wangji mì, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí pé oorun ti ń gbé ẹni tó bi í léèrè lọ. Nínú ìwé, orúkọ orin náà ni Wangxian, tí a fa jáde láti inú orúkọ àwọn méjèèjì. Àwọn olólùfẹ́ dá àwòrán náà dúró, wọ́n sún un lọ sún un bọ̀, wọ́n wo ètè òṣèré náà fínnífínní, wọ́n sì sọ pé orúkọ yẹn gan-an ló pè. Orin yìí kan náà ni Wei Wuxian fun lórí fèrè lẹ́yìn tó ti ipò òkú dé, láìrò ó tẹ́lẹ̀, lórí òkè Dafan, òun sì ni Lan Wangji fi dá a mọ̀, tó di ọwọ́ rẹ̀ mú láàárín èrò.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ènìyàn fi máa ń wo irú eré bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, ìdí náà nìyí. Eré tó bá sọ ohun gbogbo tán kì í fi iṣẹ́ kankan sílẹ̀ fún ẹni tó ń wò ó. Èyí fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì san owó iṣẹ́ fún ẹni tó bá fara balẹ̀. Kódà àwa tí a wò ó láti òkèèrè, tí ojú wa ń sáré láàárín ìtumọ̀ tó wà nísàlẹ̀ àti ojú Wang Yibo tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà nínú ipa Lan Wangji, a kọ́ láti máa ka ìyàtọ̀ tíńtín tó wà láàárín ìgbà tó ń bínú àti ìgbà tó ń jowú. Ìparí rẹ̀ gan-an, ààbọ̀ ni. Àwọn méjèèjì ti pínyà, Wei Wuxian dá dúró létí òkè pẹ̀lú fèrè rẹ̀, ohùn kan pe orúkọ tí àwọn tó sún mọ́ ọn fi ń pè é, ó yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín, eré sì parí. Wọn kò fi ẹni tó pè é hàn.

Tencent Video, ìkànnì tí wọ́n ti ń wo eré ní Ṣáínà, ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2019, ó sì parí ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ. Bí òkìkí rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà rí ọ̀nà owó níbẹ̀: ẹni tó ti san àsansílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè fi 30 yuan, owó Ṣáínà, lé e kí ó lè wo àwọn apá tó kẹ́yìn ṣáájú àwọn yòókù. Àwọn ènìyàn kùn, wọ́n ní ìwọra ni, wọ́n sì san án. Ẹgbẹ́ ìmúlẹ̀ kọ́ ni àwọn tó ń tẹ̀ lé eré yìí mọ́. Wọ́n kún pápákọ̀ òfurufú, wọ́n kún gbọ̀ngàn ìpàdé àwọn olólùfẹ́ ní Bangkok ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n sì kún ibi ayẹyẹ orin tí wọ́n ṣe fún eré náà ní Nanjing ní ọjọ́ 1 àti ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá. Láti oṣù Kẹwàá, Netflix náà ti ń gbé e fún àwọn tó wà lẹ́yìn odi Ṣáínà.

Láàárín àkókò yìí ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tó yẹ kí a fi ojú sí. Àwọn tó ṣe eré náà kò dúró lórí eré nìkan. Wọ́n ń gbé àwòrán ẹ̀yìn ìtàgé jáde lemọ́lemọ́, nínú èyí tí Xiao Zhan àti Wang Yibo, pẹ̀lú aṣọ ayé àtijọ́ lọ́rùn, ti ń na ara wọn, tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀, tí wọ́n ń bá ara wọn gba fóònù. Àwọn olólùfẹ́ a máa pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní ṣúgà, wọ́n sì jẹ ẹ́ yó. Ìwà tí eré náà ti kọ́ wọn, pé kí wọ́n máa wá odidi ọ̀rọ̀ nínú ààbọ̀, ni wọ́n bá gbé kúrò lára Wei Wuxian àti Lan Wangji, tí wọ́n sì gbé e lé orí àwọn òṣèré méjèèjì fúnra wọn. Báyìí ni àwọn tó ń pe ara wọn ní ìjàpá ṣe di ẹgbẹ́ ńlá lórí Weibo. Ìjàpá tiwọn yìí kò ní í ṣe pẹ̀lú ti inú àlọ́ wa, nítorí sùúrù àti ìfarapamọ́ sínú karawun ni wọ́n fi ń yangàn. Wọ́n gbà pé òtítọ́ ni ìfẹ́ àárín àwọn ọkùnrin méjèèjì, tàbí pé ó dùn mọ́ni láti gbà pé òtítọ́ ni. Àwọn òṣèré náà kò sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Irú olólùfẹ́ kejì wà. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní wei fen, àwọn tó fẹ́ràn òṣèré kan ṣoṣo, tí wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a pín ògo. Iṣẹ́ tí irú olólùfẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe ní Ṣáínà nígbà náà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Àtẹ ìdíje òṣèré wà lórí Weibo, ó sì gba kí wọ́n máa dìbò, kí wọ́n máa pín ọ̀rọ̀ káàkiri, kí wọ́n máa ra ọjà tí òṣèré wọn ń polówó kí ilé-iṣẹ́ lè rí i pé orúkọ rẹ̀ ń tà. Lójú wọn, àwọn ìjàpá ń jẹ nínú iṣẹ́ tí wọn kò bá wọn ṣe. Ju ìyẹn lọ, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Xiao Zhan ti ṣe iṣẹ́ ayàwòrán ṣáájú kí ó tó di olórin nínú ẹgbẹ́ X Nine, ó ti pẹ́ kí ó tó rí àyè, wọn kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin, tí ìjọba kò fẹ́ gbọ́, lẹ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀ títí láé. Mo lóye ẹ̀rù yìí dáadáa. Ẹni tó bá rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Shang Yin, tí wọn kò sì jẹ́ kí àwọn òṣèré rẹ̀ méjì fara hàn pọ̀ mọ́, yóò gbà pé kì í ṣe ẹ̀rù lásán.

Ìtàn tó dá wàhálà sílẹ̀ ń jẹ́ Xia Zhui. Kò dá lórí Wei Wuxian àti Lan Wangji rárá. Orúkọ àwọn òṣèré gan-an ló lò. Nínú rẹ̀, ẹni tó ń jẹ́ Xiao Zhan ń múra bí obìnrin, ó sì ń fi ara ṣòwò, ẹni tó ń jẹ́ Wang Yibo sì jẹ́ ọmọ ilé-ìwé gíríámà tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. AO3 ni òǹkọ̀wé náà gbé e sí, àmọ́ ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2020, ó pín ojú ọ̀nà rẹ̀ lórí Weibo, níbi tí àwọn wei fen ti rí i. Inú bí wọn gidigidi. Wọ́n ní wọ́n ti ba òṣèré àwọn lórúkọ jẹ́, pé àwọn ọmọdé lè rí i, pé ohun ẹ̀gbin ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dára jù lọ tí a lè sọ fún wọn. Ìtàn tí a kọ nípa ènìyàn tó wà láàyè, tí a lo orúkọ rẹ̀, tí a sì fi ara rẹ̀ sí ibi tí kò fọwọ́ sí, lè dun ẹni náà, ó sì lè dun àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Kódà láàárín àwọn tó ń kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ gbà pé kò yẹ kí a gbé e wá sí ojúde tí ẹni tí a kọ nípa rẹ̀ wà. Bí àwọn wei fen bá ti bá òǹkọ̀wé náà wí, bí wọ́n bá ti ní kí ó yọ ojú ọ̀nà yẹn kúrò lórí Weibo, ọ̀rọ̀ ìbá ti parí sáàárín wọn.

Ohun tí wọ́n ṣe yàtọ̀. Ní ọjọ́ 26 àti ọjọ́ 27, àwọn tó ní ọmọ-ẹ̀yìn púpọ̀ láàárín wọn kọ ìtọ́sọ́nà sílẹ̀ nípa bí ènìyàn ṣe lè fi ìtàn náà àti àwọn ìkànnì tó gbé e sun àwọn aláṣẹ. Ṣáínà ní ojú ọ̀nà tí a ṣe fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, 12377 sì ni nọ́ńbà tí ará ìlú lè pè láti fi ohunkóhun tó bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì sùn. Àkókò náà tún bọ́ sí wọn lọ́wọ́, nítorí òfin tuntun lórí àkóónú íntánẹ́ẹ̀tì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta. Kò sì sí ẹni tó mọ ayé danmei tí kò mọ ohun tí ẹjọ́ lè dà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Anhui ti rán òǹkọ̀wé kan tó ń lo orúkọ Tianyi lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá àti oṣù mẹ́fà nítorí ìwé ìfẹ́ ọkùnrin méjì tó kọ tó sì tà. Àwọn tó kọ ìtọ́sọ́nà ìfẹjọ́sùn yẹn kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tó mú jù lára ọ̀bẹ ni wọ́n dìídì wá, tí wọ́n sì fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ pé kí ó bá wọn gé e.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, AO3 kò ṣí mọ́. Ìjọba kò jáde wá sọ pé nítorí ẹjọ́ wọn ni, ṣùgbọ́n kò sí olólùfẹ́ kan tó nílò àlàyé. Lofter, ìkànnì ilẹ̀ Ṣáínà fúnra rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń gbé ìtàn sí, bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ pamọ́ lọ́tùn-ún lósì. Láti lóye bí ìbínú tó tẹ̀ lé e ṣe gbòòrò tó, ó yẹ kí a rántí ohun tí AO3 jẹ́. Àwọn olólùfẹ́ fúnra wọn ló kọ́ ọ, abẹ́ àjọ tí kò wá èrè ló wà, ó ti ṣí sílẹ̀ láti ọdún 2009, ó sì ti gba àmì-ẹ̀yẹ Hugo, tí wọ́n fi ń yẹ́ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì àti ìtàn ìyanu sí, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, oṣù kan náà tí Chen Qing Ling parí. Lẹ́yìn èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn èdè Ṣáínà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó ń kọ ìtàn nípa eré Jàpáánì, ẹni tó ń ka ìtàn nípa Harry Potter, ẹni tí kò tilẹ̀ mọ Xiao Zhan rí, gbogbo wọn ló jí lọ́jọ́ náà tí wọ́n rí i pé ilé wọn ti wó nítorí ìjà tí wọn kò sí níbẹ̀.

Wọ́n gbẹ̀san. Ìṣọ̀kan 227 ni wọ́n pe ara wọn, láti inú ọjọ́ 27 oṣù Kejì. Wọn kò lè bá ìjọba jà, wọn kò sì lè mú àwọn tó fẹjọ́ sùn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà wọ́n gbógun ti ohun tí àwọn wei fen fẹ́ràn jù, èyí ni òkìkí òṣèré wọn ní ọjà. Wọ́n kéde pé àwọn kò ní ra ohunkóhun tí Xiao Zhan bá polówó mọ́, láti ohun-ìṣaralóge Estée Lauder títí dé aago Piaget. Wọ́n ń pe ilé-iṣẹ́ láti béèrè ìwé ẹ̀rí owó fún ọjà tí wọ́n ti rà tẹ́lẹ̀, kí iṣẹ́ lè pọ̀ jù fún wọn. Wọ́n fún gbogbo eré tó ti kópa ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo lórí Douban, ìkànnì tí àwọn ará Ṣáínà ti ń fún eré àti ìwé ní máàkì. Ọgbọ́n tí àwọn wei fen kọ́ nídìí àtẹ ìdíje, pé kí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn máa ṣe nǹkan kékeré kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni wọ́n fi jà wọ́n lógun.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, ọ́fíìsì Xiao Zhan tọrọ àforíjì lórí Weibo pé ọ̀rọ̀ náà ti gba àkókò àti àyè gbogbo ènìyàn, ó sì rọ àwọn olólùfẹ́ pé kí wọ́n fara balẹ̀. Ó pẹ́ jù, ó sì kéré jù lójú àwọn tó ń bínú. Ìwé ìròyìn àwọn agbẹjọ́rò ìjọba náà dá sí i nínú oṣù yẹn, ó tẹ àròkọ bíi mélòó kan lórí rẹ̀, ó ń béèrè ibi tí ẹ̀tọ́ láti fẹjọ́ sùn parí sí. Nígbà tí Xiao Zhan gbé orin tuntun kan, Guang Dian, jáde ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin, àwọn tirẹ̀ rà á ní àrà-ìfà, àwọn tó ń bá a jà sì bù ú, tó fi jẹ́ pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa orin náà gẹ́gẹ́ bí orin.

Ta ni kí a dá lẹ́bi? Mi ò lè dá Xiao Zhan lẹ́bi. Kò kọ ìtàn, kò fẹjọ́ sùn, bó bá sì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ 27, irú ọ̀rọ̀ wo ni yóò sọ tí ẹgbẹ́ méjèèjì yóò gbà? Àwọn tó fẹjọ́ sùn ni mo dá lẹ́bi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí AO3. Ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ràn Chen Qing Ling, tó wá fi danmei sun ìjọba, ń ṣá igi tí òun fúnra rẹ̀ gùn. Láìsí Jinjiang, láìsí àwọn obìnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ láìgba owó púpọ̀, láìsí àwọn tó kà á tí wọ́n sì dúró de eré náà, Xiao Zhan ì bá má rí ipa Wei Wuxian ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà tí àwọn tó sọ̀rọ̀ nípa ẹjọ́ yìí kì í sábà dárúkọ, ìyẹn ni àwọn tó ta eré náà. Àwọn ló mọ̀ pé òfin kò gbà kí wọ́n sọ ìfẹ́ jáde, àwọn náà ló mọ̀ pé ìfẹ́ yẹn gan-an ni ọjà. Wọ́n ta ààbọ̀ ọ̀rọ̀ fún àwọn tó fẹ́ odidi, wọ́n ta ọ̀rẹ́ mímọ́ fún àwọn aláṣẹ, wọ́n sì ta òṣèré kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ fún àwọn wei fen. Nínú eré, mo fi ọwọ́ sọ̀yà pé iṣẹ́ ọnà tó ga ni ààbọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé e jáde kúrò nínú eré tí wọ́n fi ń ta àwòrán ẹ̀yìn ìtàgé, ó di ìlérí tí wọ́n ń ṣe fún ẹgbẹ́ méjì tí kò lè gbé inú ilé kan náà. Nígbà tí ìlérí méjèèjì kọlu ara wọn, wọn kò sí níbẹ̀.

Wọ́n tún fi ọgbọ́n kan náà ṣe Shan He Ling, eré mìíràn tí wọ́n fà yọ láti inú ìwé danmei, tí ìkànnì Youku bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2021. Ìdùnnú àwọn olólùfẹ́ tún ru sókè, títí di oṣù Kẹjọ, nígbà tí àwòrán tí ọ̀kan nínú àwọn òṣèré rẹ̀, Zhang Zhehan, yà ní àyíká ojúbọ Yasukuni ní Jàpáánì, níbi tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn tó kú sógun Jàpáánì, tí àwọn ọ̀daràn ogun wà lára wọn, tí ó sì ń bí àwọn ará Ṣáínà nínú, jáde, tí wọ́n sì gbé eré náà kúrò nílẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù náà, Weibo yọ àtẹ ìdíje òṣèré kúrò. Ní ọjọ́ 27, àjọ tó ń ṣàkóso íntánẹ́ẹ̀tì gbé ìlànà mẹ́wàá jáde lórí ìwà àwọn olólùfẹ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣàn dá sí i, ó sì bẹnu àtẹ́ lu ọkùnrin tó bá ń ṣe bí obìnrin lórí tẹlifíṣàn. Hao Yi Xing, eré danmei ńlá tí Luo Yunxi àti Chen Feiyu ti yà tán, tí àwọn olólùfẹ́ ti ń ka ọjọ́ dè, wọ inú àpótí, wọn kò gbé e jáde. Xiao Zhan àti Wang Yibo ń bá iṣẹ́ wọn lọ, olúkúlùkù lọ́tọ̀. Ẹni tó bá wà ní Ṣáínà tó sì fẹ́ ka ìtàn lórí AO3 gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà VPN, ètò tó ń múni kọjá ìdènà íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n Chen Qing Ling fúnra rẹ̀ wà lórí Tencent, gbogbo apá 50, pẹ̀lú ọ̀já funfun náà àti orin tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀.